Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ́ńjìnnì rélùwéè àtijọ́ láti Ọ̀yìngbò dé Igbógbo, Ìkòròdú

Akọ̀wé_Igbógbo (Ọjọ́ Àìkú, 7:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ju orí mi lọ.

Bàbá kan ní Ọ̀yìngbò, tó ti di olóògbé báyìí, ra ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pákó tó kógbá wọlé, ó tó nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Rélùwéè eléèédú ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ti wáágọ̀nù síwá sẹ́yìn nínú ọgbà, kì í ṣe èyí tó ń lọ Kánò. Bàbá kọ́ páànù bò ó, ọdọọdún ni wọ́n ń kùn ún. Ní báyìí, àwọn ọmọ ti ta ilẹ̀. Ẹni tó rà á fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí a ò bá gbé e, Owódé Onírin ló ń lọ, wọn ó sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn ọmọ bàbá ní tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa bá lè gbé e, ọ̀fẹ́ ni. Ààyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé tí à ń kọ́ fún àwọn ọmọdé ní Igbógbo.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 7 àti díẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orí ṣímínì jẹ́ mítà 3.6. Ìwé tó bá a wá sọ pé tọ́ọ̀nù 28 ni láìsí omi, láìsí èédú. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, mẹ́ta lápá kan. Irú mọ́tò wo ló lè gbé e? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Dírẹ́bà_Lóbẹ́ẹ̀dì (Ọjọ́ Àìkú, 8:30 alẹ́)

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Tọ́ọ̀nù 28 kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Katapílà tí à ń gbé lọ Ṣàgámù ju ìyẹn lọ. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni pé gbogbo tọ́ọ̀nù yẹn jókòó sórí ẹsẹ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Katapílà ní ìtẹ́ gígùn tó fi ń tẹ̀ lé ilẹ̀, rélùwéè kò ní. Orí táyà ẹ̀yìn lóbẹ́ẹ̀dì, tírélà pẹlẹbẹ tó sún mọ́lẹ̀, ni kó dúró sí, kó má sún mọ́ ọrùn, ibi tó ti so mọ́ orí ọkọ̀. Tó bá sún mọ́ ọrùn, iwájú tírélà á tẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti là.

Òru lẹ ó rìn. Òfin ìrìnnà Èkó kò fẹ́ rí tírélà nígboro láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀nà yín kò lójú pọ̀: Jìbówù, ẹ gùn ún sí Ikorodu Road, Ọ̀jọ́ta, Kétu, Máìlì 12, Májídùn, Ìkòròdú. Wàhálà ibẹ̀ ni àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú títì láti Onípànù lọ. Lóbẹ́ẹ̀dì mi ga ní mítà 0.9. Ẹ fi 3.6 yín lé e, 4.5 ni. Ó lè kọjá, ó sì lè má kọjá.

Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé: mo máa ń di ọparun mọ́ iwájú píkọ́ọ̀pù kan, orí ọparun yẹn á fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ẹrù lọ. Píkọ́ọ̀pù á máa lọ níwájú. Níbi tí ọparun bá ti kan nǹkan, gbogbo wa dúró.

Ọmọ_Májídùn (Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́)

Ẹ ní ọ̀sà níwájú ilé, ẹ ń du títì. Ọ̀yìngbò sí etí omi kò tó ibi kan. Ẹ gbé e sórí báàjì, ẹ gba orí ọ̀sà lọ sí Ìpákòdò. Èbúté tí wọ́n ṣe fún báàjì ló wà níbẹ̀, títí di òní kọ̀ǹténà ń bá a wọlé. Kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ lórí omi, kò sí LASTMA, kò sí àgbérò. Láti Ìpákòdò sí Igbógbo kò jìnnà.

Dírẹ́bà_Lóbẹ́ẹ̀dì (Ọjọ́ Àìkú, 9:11 alẹ́)

Ta ló máa gbé e dé etí omi? Lóbẹ́ẹ̀dì. Ta ló máa gbé e kúrò ní Ìpákòdò? Lóbẹ́ẹ̀dì. Kírénì ńlá lẹ́ẹ̀mejì, báàjì, tógù tó máa fà á. Owó lóbẹ́ẹ̀dì méjì lẹ san, ẹ tún wá fi ti omi kún un.

Ọmọ_Májídùn (Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bàjẹ́ lórí báàjì, ọkọ̀ wa nìkan ló dúró. Tó bá bàjẹ́ lórí afárá Májídùn, gbogbo Ìkòròdú ló máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀)

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ọ̀nà, ẹ ò sì tíì mọ ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé. Wọ́kìṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta ni bàbá mi ti fẹ̀yìntì, ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ lèmi náà. Akọ̀wé, ẹ fara balẹ̀ kà á.

“Láìsí omi” tí ìwé wí yẹn, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò? Gálọ́ọ̀nù omi 1,000, tọ́ọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sí páànù tí kì í jò. Mo rí èyí tí a ṣí kọ́ọ̀kì rẹ̀, tí nǹkan kan ò jáde, oníkálukú ní ó ti gbẹ. Ẹrẹ̀ ló dí i. Mo fi wáyà gún un báyìí, omi tú sí mi láyà, ó dúdú bí àdín. Odindi ọjọ́ kan àtòru ló fi ń dà. Ká ní a gbé e bẹ́ẹ̀ ni, omi yẹn ì bá máa yí síwá sẹ́yìn nínú táǹkì ní gbogbo ibi tí dírẹ́bà bá ti tẹ bíréèkì.

Ẹ tú kọ̀nróòdù, irin gígùn tó so písítìnì mọ́ ẹsẹ̀, lápá méjèèjì, kí ẹ tó fà á rárá. Písítìnì tí kò rí ọ́ìlì fún ogójì ọdún á ha inú sìlíńdà, ariwo yẹn ẹ ò ní gbàgbé. Èyí tó so ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bóòtù tí ẹ bá tú, ẹ dá a padà sí ojú ihò rẹ̀, tàbí kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ibi tó ti jáde sí i lára. Bíráàsì tó wà lórí kọ̀nróòdù, ẹ má fi sùn sínú ọgbà. Àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ̀mù mọ̀ ọ́n ju ẹ̀yin lọ.

Ẹ́ńjìnnì yìí jókòó lórí sípíríìn. Lórí títì, ó máa fò sókè fò sílẹ̀ láìka bí ẹ ti so ó le tó, bó bá sì ti ń fò ni ẹ̀wọ̀n ń tú. Ẹ wá igi líle, ìrókò dára, ẹ gé e bí wéjì, ẹ há a sáàárín férémù àti ilé áksù, ibi tí irin ẹsẹ̀ ti ń yí, kí sípíríìn má lè mira. Férémù ni ẹ so ẹ̀wọ̀n mọ́. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó, láéláé, tí ẹ bá sì lo kírénì, ẹ má fi bọ́ílà gbé e.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní dandan. Páànù tó yí bọ́ílà ká, ẹ má tú u. Ohun funfun bí òwú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni nínú púpọ̀ àwọn ti ayé ìgbà náà. Eruku rẹ̀ kì í pani lójú ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ jókòó sí, ó lè tó ogún ọdún kó tó jáde. Ibi tí páànù bá ti lu, ẹ fi ọ̀rá nínípọn wé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Kò sí pé à ń fi ọwọ̀ gbá a.

Bọ̀dá_Wẹ́dà (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Gbogbo ìyọnu yìí! Mo ní gáàsì, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ní Odógunyàn. À á gé e sí méjì láàárín, ẹ gbé apá kan lónìí, ẹ gbé ìkejì lọ́la, mo jó o padà ní Igbógbo. Ẹ ò ní mọ ojú rẹ̀.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Ajé, 7:18 àárọ̀)

Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ gbé e lọ Owódé Onírin náà, gígé ló fẹ́ gé e.

Bọ̀dá_Wẹ́dà (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ó dáa, ẹ má bínú. Ilé dírẹ́bà rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n gé òrùlé yẹn kó lè kọjá lábẹ́ afárá.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Ajé, 7:52 àárọ̀)

Òrùlé yẹn náà, bóòtù ló dì í mú. Ẹ da kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ẹ fi rin bóòtù kọ̀ọ̀kan ní alẹ́, ẹ tún rin ín láàárọ̀, ọjọ́ méjì. Ẹ wá fi hámà gbá a jẹ́jẹ́ lórí kí ẹ tó fi sípánà sí i. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá á tú. Méjì tó bá kọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà, kí ẹ gé bóòtù, kì í ṣe páànù. Ṣímínì náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ayélujára_Tuntun (Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀)

Ṣebí rélùwéè tuntun ti wà, èyí tó ń lọ Ìbàdàn láti 2021? Kí wọ́n gbé e sórí ojú irin, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ká yé na owó lóbẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Ajé, 10:30 àárọ̀)

Àbúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà á. Ojú irin àtijọ́ fẹ̀ ní mílímítà 1,067, ti tuntun jẹ́ 1,435. Á já sáàárín wọn ni. Ká tiẹ̀ ní ó gbà á, ibo ni ojú irin ti wọ Ìkòròdú?

Bàbá_Ìjẹ̀dẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 1:25 ọ̀sán)

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn. Ìdó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rélùwéè ní 1896, ó gba Agége, ó gba Abẹ́òkúta, ó wọ Ìbàdàn ní 1901. Kò fi ẹsẹ̀ kan Ìkòròdú. Omi ni tiwa, àti ẹsẹ̀ àwọn èrò tó ń ti Rẹ́mọ bọ̀ wá ná ọjà. Kí ni ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ́ lára rẹ̀, pé rélùwéè ń dúró ní Igbógbo nígbà kan? Jaekel House wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó irú nǹkan báyìí jọ sí. Kò sì ní gun afárá kankan kó tó débẹ̀.

Akọ̀wé_Igbógbo (Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Òótọ́ ni ẹ sọ, mi ò sì ní purọ́ fún àwọn ọmọ. Pátákó tí a máa kọ sára rẹ̀, ibi tó ti wá ni a máa kọ́kọ́ kọ sí i. Ṣùgbọ́n olóògbé máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò gun un, kí wọ́n fa agogo rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti máa fi okùn yí i ká.

Bàbá_Ìjẹ̀dẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 2:31 ọ̀sán)

Tó bá jẹ́ torí agogo ni, mi ò ní àríyànjiyàn mọ́. Ẹ pè mí tí ẹ bá fẹ́ kọ pátákó.

Ìyá_Ìbejì_Agric (Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ irin tán. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta lẹ ti rí ní Igbógbo? Ẹ lọ rí baálẹ̀, ẹ lọ rí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, kí ọjọ́ tó pé. Nígbà tí a gbé ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù wa wọlé, aago méjì òru ni àwọn ọmọ onílẹ̀ jókòó sí iwájú tírélà, wọ́n ní a ò tíì san owó “ìwọlé”. Dírẹ́bà ń ka wákàtí rẹ̀, owó ń gorí owó. Ìgbà tí ọkọ mi jí bàbá kan tó mọ̀ wọ́n dìde ni a tó bọ́.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ Orò kí ẹ tó mú ọjọ́. Tí wọ́n bá ti kéde Mágbó, ọdún Orò ti Ìkòròdú, kò sí pé ẹ ti san owó lóbẹ́ẹ̀dì. Obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ má fi wa sílé lọ́jọ́ tí ó yẹ ká jọ wà níbẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ẹ ò tíì wò: àwọn sílábù tí a tẹ́ lé orí gọ́tà ní ẹnu àdúgbò. Táńkà tó ń gbé omi nìkan ti fọ́ méjì níwájú ilé wa.

Dírẹ́bà_Lóbẹ́ẹ̀dì (Ọjọ́ Ajé, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì sọ ojú abẹ níkòó. Nínú gbogbo òkè ẹrù tí mo ti gbé, kò sí èyí tó bàjẹ́ ní Ikorodu Road. Ojúlé tó kẹ́yìn ló máa ń fọ́. Àti wáyà NEPA. Wáyà títì ga, ti inú àdúgbò ni ọmọdé lè fi ọwọ́ kàn. A máa ń fi ọparun ti í sókè.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Ajé, 5:41 ìrọ̀lẹ́)

Ọparun tútù lábẹ́ wáyà tó níná, pẹ̀lú ọkùnrin tó dúró lórí irin tọ́ọ̀nù 28. Rárá o. Kí àwọn oníná pa á fún wákàtí kan, kí òṣìṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Dírẹ́bà_Lóbẹ́ẹ̀dì (Ọjọ́ Ajé, 5:44 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà.

Ọmọ_Yorkshire (Ọjọ́ Ajé, 11:16 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ láti Ìlú Ọba. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rélùwéè àtijọ́ níhìn-ín, mo sì ti bá wọn kó mẹ́rin lórí tírélà. Ní Barry, ní Wales, ẹ́ńjìnnì 213 ni àwọn ẹgbẹ́ bíi tiyín rà jáde nínú ọgbà àlòkù irin kan láàárín 1968 sí 1990, púpọ̀ nínú wọn ló gba títì lọ ilé. Ẹ ò tíì ṣe ohun tí ẹnì kan ò ṣe rí.

Ẹ yé ronú kírénì. Ojú irin ni wọ́n ń tẹ́ sórí tírélà fúnra rẹ̀, tí wọ́n jó mọ́ ọn, wọ́n á sì tẹ́ òmíràn láti ilẹ̀ gòkè lọ bá a, wíńṣì, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà fa ẹrù, á wá fà á jẹ́jẹ́. Ibi tí mo ti rí i tó fẹ́ dà nù ni orí ìgòkè yẹn, níbi tí ojú irin ti ń tẹ̀ bọ́ sórí tírélà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá kan, lórí férémù tí kì í ká: tó bá dé ibi tó ga bí ẹ̀yìn ìjàpá, ẹsẹ̀ àárín nìkan ló gbé gbogbo ẹrù, iwájú àti ẹ̀yìn ń fì lókè. Ìgòkè yín gbọ́dọ̀ gùn, kó rọra ga. Níhìn-ín, wọ́n lo wákàtí márùn-ún láti fa ọ̀kan ní mítà mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó bínú. Kí ẹnì kan máa fi igi há ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bí ó ti ń gòkè ni igi ń tẹ̀ lé e. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ wáyà wíńṣì. Tó bá já, á gé ènìyàn.

Bàbá Dírẹ́bà, ẹ dárí jì mí, ìṣirò yín kù. Tí ẹ bá tẹ́ pákó àti irin sórí lóbẹ́ẹ̀dì, ẹ ti fi nǹkan bí mítà ìdámẹ́rin kún un. 4.75 ni, kì í ṣe 4.5.

Dírẹ́bà_Lóbẹ́ẹ̀dì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀)

Òótọ́ ni, àbúrò. Katapílà kì í béèrè irin lábẹ́ ẹsẹ̀, ìyẹn ni mo fi gbàgbé. Ṣímínì àti òrùlé gbọ́dọ̀ kúrò nígbà náà.

Akọ̀wé_Igbógbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:00 àárọ̀)

Mo ti wọ̀n ọ́n. Láìsí ṣímínì, láìsí òrùlé, mítà 2.9. Ó di 4.05 lórí lóbẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ Májídùn, owó báàjì ju agbára wa lọ, ẹ má bínú. Títì ni.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 àárọ̀)

Ibi tó máa dúró sí ńkọ́? Ẹ tẹ́ ojú irin rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó kúrò ní Ọ̀yìngbò. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ kúrò, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí síléépà, igi tí ojú irin máa ń jókòó lé, wá lé e. Tí ẹ bá sọ ọ́ sórí ilẹ̀ lásán, nígbà òjò kejì á ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Akọ̀wé_Igbógbo (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, 3:35 ọ̀sán)

Ó ti dé o! Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, torí ẹlòmíràn lè nílò rẹ̀.

Omi wà nínú táǹkì lóòótọ́. Ó dà láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bóòtù òrùlé mẹ́tàlélógún ló tú, márùn-ún ni Bọ̀dá Wẹ́dà bá wa gé (ó wá fúnra rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀, kò sì fi gáàsì kan ohun mìíràn).

Aago mọ́kànlá alẹ́ ni a kúrò ní Ọ̀yìngbò. Ọparun kò kan afárá kankan, wáyà kan péré ní Kétu, ti ayélujára ni. A dúró lẹ́yìn Máìlì 12 kí a tún ẹ̀wọ̀n wò. Méjì ti dẹ̀, ọwọ́ lásán ni mo fi ń mì wọ́n. Wéjì ìrókò kan ló ti bọ́ sílẹ̀ níbìkan lójú ọ̀nà. Dírẹ́bà gé òmíràn níbẹ̀ lábẹ́ iná mọ́tò, ó há a, a tẹ̀ síwájú. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a kọjá Májídùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ọrùn ni ibi tí Ìyá Ìbejì wí. A ti gbé páànù irin nínípọn méjì wá fún sílábù ẹnu àdúgbò. Táyà iwájú kọjá. Táyà ẹ̀yìn gun un, a gbọ́ ìró kan, gbogbo wa dákẹ́. Sílábù ti là lábẹ́ páànù. Kò wọlẹ̀, ṣùgbọ́n dírẹ́bà ní òun ò ní yí táyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá wa. A to síléépà sínú gọ́tà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó tó wákàtí mẹ́ta, ìgbà náà ni ó tó kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló bá wa ru síléépà. Owó oúnjẹ nìkan ni wọ́n gbà, torí baálẹ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti aago kan ọ̀sán àná ló ti dúró lórí irin rẹ̀. Sílábù tí a là, àwa la máa ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Agric (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:50 ọ̀sán)

Ẹ fi ọ̀pá irin tó nípọn sínú sílábù tuntun yẹn o. Kì í ṣe irú èyí tó wà níbẹ̀.

Ọmọ_Yorkshire (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:22 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú oríire! Ẹ tètè dá òrùlé padà. Níhìn-ín, mo mọ èyí tí wọ́n gbé wálé láti ìgbà tí mi ò tíì débí, ó ṣì wà lábẹ́ tapólì.

Akọ̀wé_Igbógbo (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tí mo fẹ́ béèrè gan-an nìyẹn. Bóòtù márùn-ún tí a gé, mo gbé ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Ìkòròdú, nọ́ọ̀tì òde òní kò wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ wọ̀, ó tún há.

Ọmọ_Rélùwéè (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:47 ìrọ̀lẹ́)

Kò lè wọ̀ ọ́. Eyín ara bóòtù àtijọ́ yàtọ̀, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ni. Ẹ má fi agbára yí i. Ẹ mú ọ̀kan tó tú láìfọ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ léètì ní Owódé Onírin, kí wọ́n gbẹ́ márùn-ún bíi rẹ̀. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọn ó fi gbẹ́ àkọ́kọ́ tán.

Bọ̀dá_Wẹ́dà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Mo mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ń bọ̀ wá gbé yín.